Àbọ̀ lórí fóònù tí àyè rẹ̀ kún: ó ti yanjú

Okun o, ẹ̀yin ará Kàbà. Ìbéèrè mi nìyí: fóònù 16GB tí mo fi LineageOS (ètò Android tí a fi ń rọ́pò èyí tó bá fóònù wá) sí kọ̀, kò gba áàpù tuntun, bẹ́ẹ̀ mo ti pa púpọ̀ nínú àwọn tó bá ROM (ètò tí mo fi sí fóònù náà) wá rẹ́.

Ohun tó fà á ni pé ìpín system (apá ibi ìpamọ́ fóònù tí ètò fúnra rẹ̀ wà) ni áàpù tó bá ROM wá ń gbé. Tí Play Store bá gbé ẹ̀dà tuntun wá, inú ìpín data (apá tí áàpù tí ẹ fi sí i àti fáìlì yín wà) nìyẹn ń jókòó sí, ti àtijọ́ ò sì ní kúrò. Ẹ̀dà méjì! Ẹ pa ti system rẹ́ títí, àyè data ò ní fi bíńtín pọ̀ sí i.

Ẹ wọ Settings, Apps, ẹ mú áàpù náà, ẹ tẹ ẹ̀kán mẹ́ta tó tò lé ara wọn lókè lápá ọ̀tún, kí ẹ yan Uninstall updates (yọ ẹ̀dà tuntun kúrò). Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é fún Google Play services, áàpù Google tó ń ran àwọn áàpù mìíràn lọ́wọ́, torí áàpù tó gbára lé e á máa dákú. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ Play Store, ẹ tẹ àwòrán yín, Settings, Network preferences, Auto-update apps, ẹ pa á. Bí ẹ ò bá pa á, yóò tún kó wọn padà, dátà íńtánẹ́ẹ̀tì yín á sì bá a lọ.

Áàpù báńkì àti WhatsApp, ẹ máa fọwọ́ ara yín gbé ẹ̀dà tuntun wọn wá.