Wáìnì Ítálì: ohun tó yẹ kéèyàn kà lára ìgò kó tó sanwó

Orúkọ ló máa ń kọ́kọ́ dààmú èèyàn. Ẹni tí wáìnì Gúúsù Áfíríkà ti mọ́ lára á máa wá orúkọ èso àjàrà lára ìgò, bẹ́ẹ̀ ní Ítálì, orúkọ ìlú tàbí àgbègbè ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀. Abúlé kan ní àgbègbè Piemonte ni Barolo, èso àjàrà tó ń jẹ́ Nebbiolo nìkan ni òfin sì gbà kí wọ́n fi ṣe wáìnì rẹ̀. Sangiovese, èso àjàrà mìíràn, nìkan ló wà nínú Brunello di Montalcino. Ti Chianti, Sangiovese kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti Chianti Classico, 80, ẹ ó sì rí àwòrán àkùkọ dúdú lára ìgò rẹ̀.

Montepulciano wá ni ọ̀gá nínú ká ṣi èèyàn lọ́nà. Èso ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú Montepulciano d'Abruzzo. Ìlú ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú Vino Nobile di Montepulciano, ní àgbègbè Toscana, Sangiovese ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wáìnì méjèèjì kò tan rárá.

Ẹ jẹ́ n fi ti ìpele tí òfin Ítálì pín wáìnì sí, tí wọ́n ń fi lẹ́tà kọ sára ìgò, kún un. DOCG ló wà lókè, ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ oní-nọ́ńbà sì máa ń wà lọ́rùn ìgò rẹ̀; DOC ló tẹ̀ lé e, kó tó kan IGT. Ibi tó ti wá àti bí wọ́n ṣe ṣe é ni lẹ́tà yẹn ń sọ, kò ṣèlérí adùn fún ẹnikẹ́ni. Sassicaia, wáìnì pupa tí owó rẹ̀ ń dẹ́rù bani yìí, wáìnì tábìlì lásán ni òfin kà á sí nígbà tó kọ́kọ́ dọ́jà, torí kò tíì sí DOC fún wáìnì pupa ní Bolgheri, ibi tí wọ́n ti ń ṣe é.

Tó bá jẹ́ Prosecco, wáìnì tó ń hó, lẹ fẹ́ rà, ẹ má jẹ́ kí "Extra Dry" tó dà bíi pé kò ní ṣúgà tàn yín. Ṣúgà rẹ̀ tó gíráàmù 12 sí 17 nínú lítà kan. Ti èyí tí wọ́n kọ "Brut" sí kì í ju 12 lọ. Èyí tí wọ́n kọ "Dry" sí lásán tún dùn jù wọ́n lọ. Ẹni tó fẹ́ràn adùn gan-an, kó kúkú mú Moscato d'Asti, ọtí inú rẹ̀ kò pọ̀, bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ni.

Ẹ má gbàgbé ooru o. Wọ́n ní ká mu wáìnì pupa bó ṣe wà nínú yàrá, àmọ́ yàrá Èkó kọ́ ni wọ́n ń sọ. Barolo fẹ́ 16 sí 18°C. Tó bá ti gbóná tó 30, ọtí nìkan ni imú á máa gbọ́. Ẹ gbé e sí fíríìjì kó tutù díẹ̀. Bí Barolo náà kò bá tíì dàgbà, á fún yín lẹ́nu bí obì: ẹ tú u sínú jọ́ọ̀gì kó gba atẹ́gùn fún wákàtí kan sí méjì, kẹ́ ẹ sì fi ẹran mu ún. Ti Prosecco, ẹ da omi mọ́ yìnyín inú korobá, torí yìnyín nìkan kì í kan gbogbo ara ìgò.

Bí wáìnì bá ń rùn bíi páálí tó rin, kọ́ọ̀kì tí wọ́n fi dé ìgò ló ti bà á jẹ́. Atẹ́gùn kò lè tún un ṣe. Ẹ dé e padà, ẹ má mu ún tán, kẹ́ ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á.