Kí ló dé tí ara ọkọ mi lé hẹpatáítíìsì B lọ, tí tèmi ò lè lé e?

Ìyá Ìbùkún: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Oyún oṣù márùn-ún ló wà nínú mi. Ọjọ́ tí mo lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú aboyún ni wọ́n rí hẹpatáítíìsì B, kòkòrò tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Wọ́n ní kí ọkọ mi náà wá. Èsì tirẹ̀ ní ó ti kó o rí, ó sì ti lọ. Kò tiẹ̀ mọ ìgbà tó ṣe é. Dókítà ní, "Ó ti rẹ àwọn ọmọ ogun inú ara yín," ló bá pe ẹni tó kàn. Ìyá ọkọ mi ti gbé ìgò agbo kan wá, abẹ́ tábìlì ló wà báyìí. Àbí ara mi ni kò lágbára? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Má fọwọ́ kan ìgò yẹn o. Ẹ̀dọ̀ tó ń ṣàìsàn náà ni agbo máa gbà kọjá. Ẹjọ́ rẹ kọ́. Nínú ọmọ tuntun 10 tó bá kó o lára ìyá wọn, bíi 9 ni kì í lọ lára wọn mọ́. Nínú àgbàlagbà 100, bóyá ni wọ́n á fi tó 5. Ó jọ pé kékeré lo ti kó o, tí ọkọ rẹ ti dàgbà kó tó kó tiẹ̀.

Bọ̀dá Lábù: Ọmọ ogun tí dókítà ń wí, sẹ́ẹ̀lì T ni. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ló dá ojú kòkòrò kan pàtó mọ̀. Tí wọ́n bá pàdé rẹ̀, wọ́n á máa bí sí i títí wọn ó fi pọ̀ bí eéṣú, wọ́n á sì máa pa sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò bá sá sí. Ogun parí, ó lé ní 90 nínú 100 wọn tó máa kú. Àwọn tó ṣẹ́ kù á máa ṣọ́ ilé. Bó ṣe rí lára ọkọ rẹ nìyẹn.

Tìẹ, ogun ò parí. Ara eku ni wọ́n ti rí i kedere, pẹ̀lú fáírọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ LCMV. Ẹ̀yà rẹ̀ kan, Armstrong, bí ọjọ́ 8 ni sẹ́ẹ̀lì T fi ń lé e lọ. Ọmọ ìyá rẹ̀, clone 13, á jókòó fún oṣù bíi mélòó kan. Bí wọ́n ṣe ń rí ọ̀tá láàárọ̀ lálẹ́, agbára sẹ́ẹ̀lì T á máa jò: wọn ò ní lè bí sí i dáadáa mọ́, ohun ìjà wọn á máa tán lọ́kọ̀ọ̀kan, èròjà kan tó ń jẹ́ PD-1 á sì hù sí wọn lára bíi bíréèkì.

Mo ti rò pé àbùkù ni bíréèkì yẹn, àfi ìgbà tí mo ka ohun tí wọ́n ṣe ní 2006. Wọ́n fi clone 13 sára eku tí kò ní ohun tó ń tẹ bíréèkì náà. Àwọn eku náà kú; ọmọ ogun tiwọn ló pa wọ́n. Ká ní sẹ́ẹ̀lì T rẹ ti ń fi gbogbo agbára pa sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ láti kékeré, ẹ̀dọ̀ wo ni ì bá kù?

Ìyá Ìbùkún: Ẹ ṣé gan-an sà. Ṣé kò wá sí oògùn tó ń tú bíréèkì náà ni?

Bọ̀dá Lábù: Ó wà, jẹjẹrẹ ni wọ́n ń fi tọ́jú. Iṣẹ́ lórí irú bíréèkì bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Allison àti Honjo, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2018. Àmọ́ dókítà ò ní kọ ọ́ fún tìẹ. Tí àwọn tó ń tòògbé bá jí lójijì, ẹ̀dọ̀ ni wọ́n máa ya bò. Tenofovir ni wọ́n ń lò. Kì í fa kòkòrò náà tu, ó kàn ń dí i lọ́wọ́ kó má bí sí i.

Àdúkẹ́ Oníṣòwò: Òun ni mò ń lò. Mo ti bí méjì, kò sí lára ìkankan nínú wọn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ní kí wọ́n ka iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ rẹ. Tó bá tó 200,000 IU (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń kà á) nínú mílílítà kan, wọ́n á fún ẹ ní tenofovir kí o tó bí, nítorí ọmọ. Ọmọ gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára hẹpatáítíìsì B kí wákàtí 24 tó pé. Òru Sátidé lè bá ẹ nílé ìgbẹ̀bí o! Béèrè láti ìsinsìnyí ta ló ń mú kọ́kọ́rọ́ fíríìjì abẹ́rẹ́ lọ sílé.

Ìyá Ìbùkún: Ọjọ́bọ̀ ni wọn ó gba ẹ̀jẹ̀ mi. Mo ti da agbo náà nù. Mo sọ fún màmá pé ìgò ló fọ́.