Ìdílé Albert tó fi ọlọ irin ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta: ta ni ó jẹ dúkù kẹ́yìn ní Coburg?

Ọmọ Ìkìjà
Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ìyá ìyá mi ní ọlọ irin kan tí a máa ń dè mọ́ etí tábìlì. Ẹnìkan á máa bu àgbàdo sí i lẹ́nu, ẹnìkejì á máa yí ọwọ́ rẹ̀ títí èjìká yóò fi máa ro ó. Ìdí ọlọ yẹn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé nígbà tí ìwé Ọbabìnrin Victoria àti Bíbélì dé ọ̀dọ̀ Ṣàgbùá àti àwọn ìjòyè Ẹ̀gbá ní 1849, ọkọ rẹ̀, Ọmọọba Albert, fi ọlọ irin kún un. Ọmọ Jámánì ni Albert. Bàbá rẹ̀ ni dúkù Coburg àti Gotha, ìyẹn ọba tó ní ilẹ̀ tirẹ̀ ṣùgbọ́n tí ipò rẹ̀ kò tó ti ọba ńlá. Kí ló dé tí Edward, àkọ́bí Albert lọ́kùnrin, tó jọba ní Lọ́ńdọ́nù, kò jẹ dúkù níbẹ̀? Ta ni ó sì jẹ kẹ́yìn?

Olùkọ́ Ìbarà
Ẹ kú ìbéèrè. Albert kọ́ ni oyè kàn lẹ́yìn bàbá wọn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ernst Kejì, ni. Coburg àti Saalfeld ni bàbá wọn, Ernst Kìíní, ń jẹ lé lórí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí dúkù Gotha kú ní 1825 tí ẹ̀ka tirẹ̀ sì parun, àwọn mọ̀lẹ́bí tún ilẹ̀ pín ní 1826: Ernst yọ̀ǹda Saalfeld, ó gba Gotha. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ. Ilẹ̀ pípín yìí ni àrùn tó ti ń bá ẹ̀ka wọn nínú ìdílé Wettin, ìdílé ọba ńlá kan ní Jámánì, jà tipẹ́, nítorí gbogbo ọmọkùnrin ni wọ́n ń fún ní ìpín. Baba ńlá wọn, Ernst tí wọ́n ń pè ní Olùfọkànsìn, tó kú ní 1675, fi ọmọkùnrin méje sílẹ̀, nígbà tí ó sì di 1680, ilẹ̀ rẹ̀ ti di ọ̀nà méje.

Ernst Kejì jẹ láti 1844 títí di 1893, ìyàwó rẹ̀ kò sì bímọ fún un. Edward ni oyè kàn, ṣùgbọ́n ó ti yọ̀ǹda rẹ̀ nítorí adé Gẹ̀ẹ́sì tó ń dúró dè é. Àbúrò rẹ̀ Alfred, ọ̀gágun ojú omi, ni ó lọ jẹ ẹ́. Àrólé kan ṣoṣo tí Alfred ní kú ní 1899, òun náà sì kú ní 1900.

Àbẹ̀kẹ́ Aké
Mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ Olùkọ́. Charles Edward ni ó jẹ kẹ́yìn. Leopold, ọmọ Victoria àti Albert, ni bàbá rẹ̀, ó sì ti kú kí wọ́n tó bí i ní 1884. Babárímisá ni à bá sọ ọ́ níbí. Wọ́n mú un kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ Eton lọ sí Jámánì, ó di dúkù ní ọmọ ọdún 16, adelé sì ń ṣàkóso fún un títí di 1905. Ìgbà adelé yìí ni Aláké Gbádébọ̀ Kìíní lọ sí Lọ́ńdọ́nù, ní 1904: ọkùnrin tó yọ̀ǹda oyè Coburg gan-an ni ó gba Kábíyèsí wa lálejò.

Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, apá Jámánì ni Charles Edward wà. Ní 1917, ọkọ̀ òfurufú tí wọ́n ṣe ní Gotha, tí wọ́n sì fi orúkọ ìlú náà pè, ń ju bọ́ǹbù sí Lọ́ńdọ́nù. Ọdún náà ni Ọba George Karùn-ún, ọmọ Edward, bọ́ orúkọ ìdílé wọn, Saxe-Coburg àti Gotha, sílẹ̀, tó gbé Windsor wọ̀. Charles Edward fi oyè sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá 1918, Coburg bọ́ sọ́wọ́ Bavaria ní 1920, Gotha sì di ara Thuringia, ìpínlẹ̀ Jámánì ni méjèèjì. Àánú rẹ̀ ìbá ṣe mí, ṣùgbọ́n ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ẹgbẹ́ Hitler, ó sì bá wọn dé òpin. Ó kú ní 1954.

Bàbá Ìtòkò
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Ẹ má jẹ́ kí kíkéré ilẹ̀ Coburg tàn yín jẹ. Leopold, àbúrò Ernst Kìíní, ni wọ́n fi jẹ ọba àkọ́kọ́ ní Bẹ́ljíọ̀mù ní 1831. Ọmọ rẹ̀, Leopold Kejì, ni ó sọ Kóńgò di ohun ìní ara rẹ̀ láti 1885 títí di 1908, tí wọ́n ń gé ènìyàn lọ́wọ́ nítorí rọ́bà. Ọmọ ìyá kan náà ni bàbá rẹ̀ àti bàbá Albert, bẹ́ẹ̀ Albert ni ó dìde ní gbangba ní Lọ́ńdọ́nù ní 1840 tó sọ̀rọ̀ lòdì sí òwò ẹrú, òwò tó gbé ọ̀pọ̀ ọmọ Ẹ̀gbá kúrò nílé kí wọ́n tó gba Sàró padà wá. Ọmọ Ìkìjà, nígbà tí o bá ń sọ ìtàn ọlọ yẹn fún àwọn ọmọ rẹ, bá mi sọ ti Kóńgò mọ́ ọn.