Ìdánwò wo lojú yín ti rí màbo nílé ìwé dókítà?

Ọmọ Aláró: Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Second MB, ìdánwò ńlá tá a máa ń ṣe ká tó wọ wọ́ọ̀dù, pépà anatomy, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara, MCQ onítúrù-àbí-fọ́ọ̀sì yẹn. Ìbéèrè kan á bí ọmọ márùn-ún, wàá sọ bóyá òótọ́ lọ̀kọ̀ọ̀kan àbí irọ́, tó o bá gbà á wọ́n fún ẹ ní 1, tó o bá ṣì í wọ́n yọ 1 nínú èyí tó o ti jẹ tẹ́lẹ̀, tó o bá fò ó wọn ò fún ẹ wọn ò sì gbà lọ́wọ́ ẹ. Mo ka àwọn tó dá mi lójú, 54 nínú 100, ó sì ti ju 50 tí wọ́n fi ń pàsì. Kí n sọ bírò kalẹ̀ kí n máa lọlé, ọkàn mi ní tí mẹ́ta bá lọ ṣì nínú ẹ̀ ńkọ́, ni mo bá ta tẹ́tẹ́ sórí ogún míì. Resit, ìyẹn kí n tún ìdánwò náà ṣe, ni mo bá pàdé. Ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ èmi ni mò ń ṣàlàyé fún un lóru fo gbogbo èyí tí kò mọ̀, ó pàsì wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìwé ni wọ́n dán wò níbẹ̀ àbí àyà?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Èsè, ìdánwò tá a ti ń kọ àlàyé gùn-ún-gùn, ló gba èmi là. Mo ti ká femoral triangle, onígun mẹ́ta òkè itan yẹn, sórí bí oríkì, ó sì jáde! Ojú ewé mẹ́rin ni mo kọ. Tó bá jẹ́ axilla, ìyẹn abíyá, ni wọ́n béèrè, nọ́ńbà ìdánwò mi nìkan ni ǹ bá kọ síbẹ̀. Ní báyìí tí mo ti ń máàkì, mo wá rí abẹ́ ẹ̀: ìwé jọ gègèrè lórí tábìlì, iná ti lọ, ìkọ̀wé ẹlòmíì dà bí ẹsẹ̀ adìyẹ, ẹni tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ò lè rí ojú àánú tí ti òkè rí jàre. Best of five, tí ọmọ á ti mú ìdáhùn kan tó dáa jù nínú márùn-ún, rọrùn láti máàkì, kíkọ ẹ̀ niṣẹ́. Ìdáhùn gidi kan ò le, irọ́ mẹ́rin tó jọ òótọ́ ni wàhálà, ẹ̀kẹrin sábà máa ń jẹ́ èyí tí àwọn ọmọ á fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ará Òkè Òkun: PLAB apá kìíní ni tèmi, ìdánwò táwọn dókítà tó kàwé nílẹ̀ òkèèrè ń ṣe kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́ ní UK. Ìbéèrè 180, wákàtí 3, ìṣẹ́jú kan fún ọ̀kan: àyà ń dun ìyá kan, ó ń làágùn, kí lo máa kọ́kọ́ ṣe, mú ẹyọ kan nínú márùn-ún. Wọn kì í yọ máàkì tó o bá ṣì í. Mo mọ̀ o, mo ti kà á dáadáa, síbẹ̀ ìyà tí second MB fi jẹ mí ò tíì kúrò lára, mo fi mẹ́fà sílẹ̀ láì kùn. Ó ku ìṣẹ́jú méjì kójú mi tó là. C ni mo kùn sí gbogbo ẹ̀.