Ọparun tí mo fi ṣe pálọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ ń da ìyẹ̀fun sílẹ̀, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Aya Tíṣà: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, mi ò sì mọ ẹni tí mo lè rò ó fún mọ́. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti pinnu pé mi ò fẹ́ ohun oníke nínú pálọ̀ mi mọ́. Ẹ wá wo gọ́tà tó wà lẹ́yìn ilé wa n'Íbàdàn níbí. Bí òjò bá rọ̀, ọ̀rá àti ike á dí i pa, omi á máa wọlé tọ̀ wá. Mo ní tèmi ò ní kún un. Mo kó rọ́ọ̀gì síta, mo tẹ́ ẹní. Mo yọ kọ́tìnì tó ń dán, mo fi àdìrẹ kọ́. Mo ra àga pankẹ́rẹ́ méjì lọ́wọ́ àwọn tó ń hun ún lẹ́bàá títì, mo wá ní kí káfíńtà fi ọparun dá pálọ̀ sí méjì. Gbogbo àjọ tí mo dá fún oṣù mẹ́fà ló bá a lọ.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wọlé, wọ́n wò yíká, wọ́n ní ṣé mo ti di aláwo ni. Níwájú àlejò! Ọkọ mi dákẹ́, kò sọ nǹkan kan. Ó dùn mí títí di òní.

Ní báyìí, àràárọ̀ ni ìyẹ̀fun ń dà sílẹ̀ lábẹ́ ọparun náà. Mo gbá a, ó tún dà. Ẹní ti bu ní igun kan. Àdìrẹ ti ṣá lójú fèrèsé. Káfíńtà ní ikán ni, kí n sanwó kó fi pákó ìrókò rọ́pò rẹ̀. Kí ni kí n rà tí kò ní ba ayé jẹ́, tí kò sì ní dójú tì mí? Ṣé kí n gba ìrókò náà ni?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Èmi náà gbé igbá fínfín bọ̀ láti Ọ̀yọ́, mo gbé mẹ́ta kọ́ ara ògiri. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mi ò sọ̀ ọ́. Igbá tí ìyá mi fi ń bomi fún àlejò, ibo ló ti wá di ohun ẹ̀ṣẹ̀? Ó pé ọdún mẹ́sàn-án lára ògiri báyìí. Àwọn tó ń bínú sí i nígbà náà ló ń yà fọ́tò níwájú rẹ̀. Má dá wọn lóhùn.

Oníṣọ̀nà: Kì í ṣe ikán, ẹ má sanwó fún un. Ikán máa ń fi erùpẹ̀ la ọ̀nà gun igi ni, ẹ ó rí ipa rẹ̀ láti ilẹ̀. Ìyẹ̀fun kúnná pẹ̀lú ihò tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, kòkòrò tó ń jẹ adùn inú ọparun nìyẹn. Ohun kan wà nínú ọparun tó dà bí ògì, òun ni kòkòrò náà ń wá. Bí wọ́n bá gé e nígbà òjò, tàbí kó má tíì tó ọdún mẹ́ta, ohun náà máa ń pọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í gé ọparun àfi ní ẹ̀ẹ̀rùn. Á rì í sódò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí adùn náà lè ṣàn jáde, á wá nà án ró sí ibòji kó gbẹ. Nísinsìnyí, borax àti boric acid, ìyẹ̀fun méjì tí kòkòrò kì í fẹ́, la máa ń pò mọ́ omi, a ó rẹ ọparun sínú rẹ̀. Ìgbà wo ni wọ́n gé tiyín? Kí sì ni káfíńtà fi kùn ún?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ òótọ́. Rọ́ọ̀gì tó ṣì dára tí ẹ kó síta, ibo ló wà? Inú gọ́tà tí ẹ ń sunkún lé lórí yẹn náà ló máa balẹ̀ sí. Ohun tó ti wà nílé yín, tí ẹ bá lò ó títí yóò fi gbó, òun ló ṣe ayé lóore jù. Ìrókò wo ni wọ́n tún fẹ́ gé fún yín? Ọ̀pọ̀ ọdún ni igi yẹn fi ń dàgbà. Igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí UNESCO ti kà mọ́ àwọn igbó àpamọ́ àgbáyé láti 1977, àwọn agégi ò yéé yọ́ wọ̀ ọ́. Tí ẹ bá fẹ́ pákó, ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tú ilé àtijọ́, ẹ ra pákó àjà àti ilẹ̀kùn wọn.

Ìyá Ìbejì: Ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹni tó ń wá ìmọ̀ràn kọ́ là ń jágbe mọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Mi ò jágbe, Mà. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára ni.

Aya Tíṣà: Mi ò ju rọ́ọ̀gì sí gọ́tà o! Ọmọ aládùúgbò wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbalé ni mo fún. Àdìrẹ yẹn náà, owó gidi ni mo fi rà á, ẹni tó tà á ní aró elú ni. Kí ló dé tó fi ṣá?

Aláró Ìtòkú: Ẹ fa fọ́nrán òwú kan lára rẹ̀, ẹ fi iná sí i. Tó bá jó bíi ìwé tó di eérú, òwú ni. Tó bá yọ́, tó ká jọ tó sì le, ike ni wọ́n hun, ìtẹ̀wé sì ni wọ́n fi ya bátànì sí i lára. Elú gidi náà máa ń ṣá lójú oòrùn o, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ẹ̀yìn fèrèsé kọ́ ni ààyè rẹ̀. Ẹ fi ṣe ìrọ̀rí, tàbí kí ẹ gbé e kọ́ ògiri tí oòrùn kì í tàn sí. A máa ń rẹ aṣọ sínú aró, a ó yọ ọ́ síta kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, a ó tún dá a padà, kó tó dúdú dáadáa. Èyí tí wọ́n rẹ lẹ́ẹ̀kan péré kì í pẹ́ ṣá.

Bàbá Ẹlẹ́ran: Ẹ fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú kun ọparun yẹn, kòkòrò ò ní débẹ̀ mọ́. Òun ni bàbá mi fi kun igi òrùlé, títí di òní kò sí nǹkan tó ṣe é.

Oníṣọ̀nà: Ẹ jọ̀ọ́ sà, igi òrùlé lẹ̀ ń wí o, pálọ̀ lẹ rán an sí. Ọ́ìlì yẹn kì í gbẹ, ìdọ̀tí irin àti epo jíjó kún inú rẹ̀. Ẹ má fi sí ibi tí ènìyàn ń sùn.

Bàbá Ẹlẹ́ran: Gbogbo wa la gbé abẹ́ rẹ̀ dàgbà.

Aya Tíṣà: Ẹ má jà nítorí tèmi. Káfíńtà ti fi irú ọ́ìlì yẹn kùn ún láti ọjọ́ tó ti kàn án. Kòkòrò ṣì wọ̀ ọ́. Nítorí náà ni mo ṣe ń fi òtápìápìá fọ́n ọn ní alaalẹ́ láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èmi ò kúkú fẹ́ fọ́n ọn, mo mọ̀ pé kò bá ohun tí mò ń lé mu. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọparun yẹn ni ọmọ mi ń sùn, oṣù mẹ́jọ ni, mi ò sì fẹ́ kí kòkòrò jẹ ẹ́. Yàrá wa ò ṣeé sùn, omi ń gun ògiri rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ọmọ náà ti ń wúkọ́ tẹ́lẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àkúrẹ́: Ẹ gbé ọmọ yẹn kúrò níbẹ̀ báyìí báyìí. Ẹ̀tẹ̀ lẹ fi sílẹ̀ tí ẹ ń pa làpálàpá. Dichlorvos, májèlé apakòkòrò kan, ló sábà máa ń wà nínú òtápìápìá, láti 2019 ni NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, sì ti fòfin de ìgò kékeré rẹ̀ nítorí ewu rẹ̀. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń wọ inú ènìyàn. Ṣé itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Ṣé mímí rẹ̀ ń dún fíì? Ṣé ara rẹ̀ rọ̀? Ohun yòówù kó jẹ́, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lónìí, ẹ gbé ìgò náà dání, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ fún dókítà.

Aya Tíṣà: Gbogbo àdúgbò wa ló ń lò ó, Nọ́ọ̀sì. Mo máa ń ṣí fèrèsé.

Nọ́ọ̀sì Àkúrẹ́: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ná. A ó sọ ìyókù tí ẹ bá dé.

Ìyá Ìbejì: Lọ, ọmọ mi. Mo ń dúró dè ọ́ níbí.

Aya Tíṣà: A ti dé. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n ní kò gbọdọ̀ padà sínú pálọ̀ yẹn, ká sì gbé e wá lọ́túnla. Ilé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi la wà. Àwọn kan náà tí mo fẹjọ́ wọn sùn yín. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ni wọ́n gbé mọ́tò wá, wọ́n sì fi yàrá tiwọn sílẹ̀ fún wa. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Ọkọ mi ti ń kó ọparun síta.

Oníṣọ̀nà: Ọlọ́run á wò ó sàn. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má fi ọparun yẹn dáná, kí ẹnikẹ́ni má fi yan ẹja, ọ́ìlì ti rin ín. Kí wọ́n fi kànrìnkàn àti ọṣẹ fọ ilẹ̀ àti ògiri ibẹ̀, kí wọ́n ṣí fèrèsé gbogbo kalẹ̀. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Omi tó ń gun ògiri ló mú ẹní yín bu, kò sí ẹní tí ẹ tẹ́ síbẹ̀ tí kò ní bu. Onílé lẹ máa kọ́kọ́ rí.

Aya Tíṣà: Àga pankẹ́rẹ́ méjèèjì ńkọ́? Mo bi ẹni tó hun ún, ó ní òun ò fi nǹkan kan kùn ún.

Oníṣọ̀nà: Ẹ gbé e sóòrùn ní ọjọ́ mẹ́ta, ẹ tẹ́ aṣọ dúdú sábẹ́ rẹ̀. Tí ìyẹ̀fun ò bá dà sórí aṣọ náà, ẹ gbé àga yín wọlé.