Ṣé kí n gba owó líǹkì yìí?

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Iléeṣẹ́ kan fẹ́ sanwó fún mi kí n ki líǹkì wọn bọ inú àwọn àpilẹ̀kọ àtijọ́ lórí búlọ́ọ̀gì mi, owó náà dáa gan-an, ṣùgbọ́n wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ fi nofollow tàbí sponsored sí i (àwọn àmì inú kóòdù tó ń sọ fún Google pé kó má ka líǹkì náà sí, tàbí pé wọ́n sanwó fún un), mi ò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí òǹkàwé mọ̀ pé wọ́n sanwó. Ibẹ̀ gan-an lara ti fu mí. Mo ti ka òfin Google, àtọdún 2019 ni rel="sponsored" ti wà fún irú líǹkì báyìí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n fi sí i kí wọ́n dín owó kù, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Mo wo Search Console, ìyẹn irinṣẹ́ Google tí mo fi ń mọ bí búlọ́ọ̀gì mi ṣe ń ṣe sí lọ́dọ̀ wọn, kò sí manual action (ìjìyà tí Google fi ń jẹ ìkànnì tó bá rú òfin wọn) kankan níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó wà níbẹ̀ láé, torí ọ̀dọ̀ Google lọ̀pọ̀ àwọn tó ń ka iṣẹ́ mi ti ń wá. Àwọn kan ní líǹkì méjì mẹ́ta ò lè ṣe nǹkan kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá irú wọn dòwò pọ̀ rí, ṣé ọ̀nà kankan wà tí mo lè fi gba owó yìí tí ò ní kó bá búlọ́ọ̀gì mi? Ẹ má bínú pé ó gùn, ẹ ṣé gan-an, mo ń retí yín.