Kílọ́ọ̀ṣì tó lẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó há

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ìtumọ̀. Ẹ dábàá pé kí á pe kílọ́ọ̀ṣì, ohun tó ń so agbára ẹ́ńjìnnì mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ tó sì ń tú u, ní "ìdìmú", kí àkọlé ìwé àlàyé náà sì jẹ́ "Yíyọ ìdìmú tó há lára katapílà àtijọ́". Mo gba "katapílà" tọwọ́tẹsẹ̀: orúkọ ilé iṣẹ́ Caterpillar ni, ṣùgbọ́n lẹ́nu wa, ó ti di orúkọ gbogbo ẹ̀rọ tó ń fi ẹsẹ̀ irin wọ́lẹ̀. "Yíyọ", "ìdìmú" àti "há" ni n kò gbà, "há" ló sì ká mi lára jù, torí òun ló lè mú kí mẹkáníìkì tú ohun tí kò yẹ kó tú.

Ẹ jẹ́ kí á fi D2 ṣe àpẹẹrẹ, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ Caterpillar, èyí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà láti 1938 dé 1957. Kílọ́ọ̀ṣì mẹ́ta ló ní. Ọ̀kan wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ọwọ́ ni wọ́n fi ń fa ọ̀pá rẹ̀. Méjì yòókù wà lẹ́yìn gíá, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Àwọn yẹn ni wọ́n fi ń darí ẹ̀rọ náà: bí awakọ̀ bá fa ọ̀pá ọ̀tún, agbára kò ní dé ẹsẹ̀ irin ọ̀tún mọ́, ẹ̀rọ á sì yà sọ́tùn-ún. Àwọn ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì yìí ni ọ̀rọ̀ wa kàn. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n to àwo irin àti àwo oníláìnì léra, irin kan, láìnì kan (láìnì ni ohun tí wọ́n fi bo ojú àwo kó lè di irin mú, kó má yọ̀). Eyín àwo kan wọ dúrọ́ọ̀mù inú, eyín èkejì wọ dúrọ́ọ̀mù òde, béléètì búréèkì sì yí dúrọ́ọ̀mù òde po. Sípírìn ló ń fún wọn pọ̀ tọ̀sán-tòru. Ọ̀pá tí awakọ̀ ń fà ló ń ti sípírìn sẹ́yìn kí wọ́n lè fira sílẹ̀.

Ẹ wò ó, ọwọ́ awakọ̀ kì í di nǹkan kan mú níbẹ̀. Títú ló ń tú u. Ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ ni "ìdìmú" sọ. Bí a bá ní láti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, "asotú" ni mo dábàá, ohun tó ń so tó sì ń tú: asotú ẹ́ńjìnnì, asotú ọ̀tún, asotú òsì. Síbẹ̀, inú àlàyé iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí á kọ kílọ́ọ̀ṣì, torí ohun tí wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn.

Ó wá ku "há". Egungun ẹja máa ń há sọ́fun, torí pé àyè fún un. Bí katapílà bá gba òjò lọ́dún mélòó kan, tí omi sì wọlé, àwo irin á dógùn-ún, ògùn-ún yẹn á sì so ó mọ́ láìnì. Ìyẹn ti lẹ̀ ni. Àmì rẹ̀: ọ̀pá á wá délẹ̀ bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ á máa lọ tààrà, bí ẹ bá sì tẹ búréèkì ẹ̀gbẹ́ yẹn, ẹ́ńjìnnì á fẹ́ kú. Èyí tó há ni èyí tí eyín àwo ti jẹ eyín dúrọ́ọ̀mù wọ kòtò kéékèèké, tí àwo wá ń jìn sí i, tí kò lè rìn geere mọ́; ìgbà mìíràn ó tú, ìgbà mìíràn kò tú. Bí ọ̀pá fúnra rẹ̀ kò bá mira, ó ti gan ni, bíárìn tàbí ìsopọ̀ ọ̀pá ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Èyí tó lẹ̀ kì í fìgbà gbogbo nílò ká gbé e jáde. Ẹ tú bólùtì ihò ìsàlẹ̀ àpótí rẹ̀. Bí omi bá dà jáde, ẹ ti rí olè. (Bí ó bá jẹ́ ọ́ìlì gíá, síìlì ló ti ya, yíyọ̀ ni irú kílọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ máa ń yọ̀.) Ẹ dí ihò náà padà, ẹ da kẹrosíìnì sí i títí ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù á fi rì, kó wà bẹ́ẹ̀ mọ́jú, kí ẹ tó dà á nù. Ẹ má fi ọ́ìlì rọ́pò rẹ̀, láìnì á mu ún. Ẹ wá fa ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ yẹn, kí ẹ fi igi há a kó má padà, ẹ fi gíá kìíní rìn ní gbangba, kí ẹ máa tẹ búréèkì rẹ̀ ní ìtẹ̀kútẹ̀, níwájú àti lẹ́yìn. Kí ẹnikẹ́ni má dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́: bó bá já lójijì, ẹ̀rọ á fì sọ́dọ̀ rẹ̀.

Bí kò bá gbà ni "yíyọ" tó dé. Ọ̀rọ̀ yẹn náà léwu, torí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi àmì sórí ohun tí wọ́n ń kọ lórí fóònù. "Yiyo kiloosi" lè di yíyọ̀, àìsàn tó jẹ́ òdìkejì. Àwọn mẹkáníìkì ọkọ̀ máa ń ní "sọ gíá kalẹ̀", ìyẹn náà kò bá a mu, torí òkè ni èyí ń gbà jáde. Ẹ kọ "gbígbé jáde". Àga awakọ̀ àti ìdérí á kọ́kọ́ kúrò, béléètì búréèkì á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni bólùtì tó so ó mọ́ apá méjèèjì. Gbogbo bólùtì kò sí lókè lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó máa sún ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n lè yí wá. Ṣéènì bílọ́ọ̀kù ni kó gbé e.

Lórí tábìlì, ẹ má ṣe tú bólùtì sípírìn lẹ́ẹ̀kan náà. Agbára tó wà nínú rẹ̀ lè fọ́ni lójú. Ẹ fi bólùtì gígùn mẹ́ta rọ́pò mẹ́ta nínú wọn, kí ẹ tú ìyókù, lẹ́yìn náà kí ẹ máa dẹ àwọn gígùn náà ní méékan-méékan títí sípírìn á fi rọ̀. Ẹ ki ọ̀bẹ pẹlẹbẹ sáàárín àwo láti ibi púpọ̀ yíká. Bí ẹ bá ń já a láti ojú kan, yóò ká.

Àkọlé tí mo fẹ́ ni "Títú kílọ́ọ̀ṣì ẹ̀gbẹ́ tó lẹ̀ mọ́ra lára katapílà àtijọ́". Ohun kan ṣì kù. Asbestos wà nínú ọ̀pọ̀ láìnì ìgbà yẹn, eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Níbi tí ẹ ti kọ "kí a fẹ́ eruku rẹ̀ dànù", ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí i sí "kí a fi aṣọ tútù nù ún".